Ọwọ́ Tí A Ṣàn, Ọwọ́ Tí A Fọ̀

"Ẹ wá wò ó o! Nọ́ọ̀sì wa ti dé! Gbogbo ẹni tí nǹkan bá ń dùn, kí ó tò sẹ́yìn mi!"

Bàbá Mùktárù ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láti orí àga onígi rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òun ni onílé. Ó na ẹsẹ̀ òsì sórí àpótí, bándéèjì wà ní ọrùn ẹsẹ̀ náà, ó sì ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin kúrò níbẹ̀.

Olúfọlákẹ́ ti ń rẹ́rìn-ín kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Aṣọ funfun àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Bàbá, ẹ kú ilé o. Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ wà níbẹ̀. Kò sá lọ. Wá tú u wò. Láti ìgbà tí o ti ń bá mi tọ́jú rẹ̀ ni mo ti ń sùn bí ọmọ ìkókó. Mo ní kí Mùktárù lọ fẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ní òun ò tíì ṣe tán."

"Ẹ má dà á láàmú, Bàbá. Ẹ jẹ́ kó ṣe tán ná."

"Kí ó ṣe tán kí èmi kú tán?"

Ìsọlọ̀ ìgbà náà kì í ṣe èyí tí ẹ̀yin tòní mọ̀. Bí ènìyàn bá ti Òṣòdì, níbi tí rélùwéè gbé ń kọjá, gba ọ̀nà wọlé, oko ẹ̀gẹ́ ṣì wà lápá ọ̀tún, igbó ṣì wà títí dé apá Òkè-Afá, afẹ́fẹ́ tútù a sì máa ti ibẹ̀ fẹ́ wá nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ilé ti ń hù láàárín oko. Owó epo ti dé. Ìjọba ti fi àfikún tí wọ́n ń pè ní Údójì kún owó oṣù, kò sì sí yàrá tí ẹ ó yà sí tí rédíò tuntun kò ní máa ké níbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ń gba òṣìṣẹ́, àwọn ará Ìkìrun àti Ìwó àti Ọ̀yọ́ ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Gbogbo ènìyàn gbà pé ìyà ti tán.

Ọ̀kan nínú wọn ni Ọládòṣù, ará Ìkìrun, ẹ̀gbọ́n Olúfọlákẹ́. Ilé iṣẹ́ aṣọ ló wà, ọ̀dọ̀ Bàbá Mùktárù ló sì gba yàrá sí. Ohun gbogbo ló ní tán, àfi ọmọ. Oyún ti bàjẹ́ mọ́ Bánkẹ́ ìyàwó rẹ̀ lára ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àwọn tó ṣe ìyàwó lẹ́yìn rẹ̀ ti ń fa ọmọ lọ́wọ́ lọ sí iléèwé. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni Bánkẹ́ wá bí ọmọkùnrin kan ní ilé ìwòsàn, ọmọ pupa, ọmọ tí ohùn rẹ̀ ń dé òpópónà. Wọ́n ti gbé e wálé. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni wọ́n ń retí.

Olúfọlákẹ́ ló ń tọ́jú ìdodo ọmọ náà. Ta ni ì bá tún ṣe é? Ó ti wà ní ọdún kejì ní iléèwé àwọn nọ́ọ̀sì, ní ilé ìwòsàn kan lápá Òṣòdì. Ibẹ̀ ló ń sùn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ìkókó wálé, ó ń tọrọ àyè wá sí Ìsọlọ̀ lọ́sàn-án. Ọládòṣù ti pe gbogbo ilé jọ, ó ní, "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi epo tàbí iyọ̀ tàbí ìgbẹ́ màlúù sí ìdodo ọmọ mi o. A ní nọ́ọ̀sì nínú ẹbí."

Lọ́jọ́ náà, Olúfọlákẹ́ gbé abọ́ omi kan sí ẹ̀gbẹ́ àga Bàbá Mùktárù, ó da oògùn apakòkòrò díẹ̀ sí i, omi náà sì di funfun bí omi ògì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní wọ́ọ̀dù. Abọ́ ńlá kan máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní "omi funfun". Láàárọ̀ ni wọ́n ń pò ó. Ẹni tó bá ń wọlé á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, á gbọn ọwọ́, á kọjá sídìí ibùsùn aláìsàn. "Ṣé o ti kan omi funfun?" ni wọ́n máa ń bi ara wọn léèrè. Bí o bá ti kàn án, ó parí.

Ó tú bándéèjì. Egbò náà ti ń jinná. Ẹ̀bá rẹ̀ ti gbẹ, àárín nìkan ló ṣì tutù díẹ̀. Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ yíká láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń dùn ún.

"Yéè! Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ gé e ni?"

"Ẹ̀yin náà, Bàbá! Ọkùnrin bíi tiyín?"

"Ọkùnrin ò lẹ́sẹ̀ ni?"

Ó nù ún, ó fi bándéèjì tuntun wé e. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ọyún, kò rùn. Ó ti ọwọ́ bọ omi funfun, ó gbọ̀n ọ́n.

"Ìdílẹ̀kẹ̀! Ẹ káàbọ̀ o, ọkọ mi dáadáa."

Bánkẹ́ ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dàgbà ju Olúfọlákẹ́ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n nítorí pé àbúrò ọkọ rẹ̀ ni, tó sì ti wà nílé kí òun tó wọ ilé náà, ọkọ ló jẹ́ fún un. Kì í pè é lórúkọ. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ló ti sọ ọ́ ní Ìdílẹ̀kẹ̀, "ẹ" ló sì fi ń bá a sọ̀rọ̀ títí di òní.

"Ìyàwó wa, ẹ kú ọwọ́ lómi o."

"A dúpẹ́ o. Ọmọ yín ti ń wá yín láti àárọ̀. Yín ló jọ, ó mọ ariwo pa."

"Irọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ló jọ. Ẹ wo imú, ó ti gba gbogbo ojú tán."

Bánkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wo abọ́ omi funfun náà. Ó wo ojú fèrèsé tó wà létí ẹ̀rọ omi, níbi tí ọṣẹ wà nínú àwo rẹ̀. Ó ya ẹnu. "Ìdílẹ̀kẹ̀..."

"Kí ni, ìyàwó wa?"

"Kò sí nǹkan o. Mo ní kí n gbé àga wá fún yín ni."

Olúfọlákẹ́ jókòó, ó tẹ́ ọmọ sórí itan. Ìwọ́ ìdodo rẹ̀ ti ń gbẹ, ó kù díẹ̀ kí ó já. Ó fi ìka méjì gbé e sókè, ó fi òwú nu abẹ́ rẹ̀ yíká. Ọmọ náà ké, lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó sì di ìka rẹ̀ kan mú gírígírí.

"Ẹ wo bó ṣe dì mí mú!"

"Ó ti mọ̀ yín ni," Bánkẹ́ wí.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ẹ̀bà dé, ọbẹ̀ ẹja dé. Wọ́n gbé omi ìṣanwọ́ wá. Bàbá Mùktárù kọ́kọ́ ṣan ọwọ́ nínú rẹ̀, Olúfọlákẹ́ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ó kan Bánkẹ́, gbogbo wọn nínú abọ́ kan náà. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Olúfọlákẹ́ lọ sídìí ẹ̀rọ, ó mú ọṣẹ lójú fèrèsé, ó fọ ọwọ́ dáadáa, ó gbé e sí imú, ó tún un fọ̀ nítorí òórùn ẹja.

Kò sí ẹni tó rí ohun tó burú nínú èyí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tọ́ gbogbo wa. Kí a tó jẹun, à ń ṣan ọwọ́. Bí a bá jẹun tán, à ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, nítorí epo.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà, Olúfọlákẹ́ wà lẹ́nu iṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé nígbà tí ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀, ìdọ̀tí òwú ṣì wà nínú irun rẹ̀. Bánkẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ nínú ìborùn.

"Fọlákẹ́," ni Ọládòṣù wí, "kò mu ọyàn mọ́."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àná. A rò pé inú ló ń run ún. Láàárọ̀ yìí kò tilẹ̀ ké mọ́."

Ohun tó já a láyà nìyẹn. Ọmọ tí òpópónà ń gbọ́ ohùn rẹ̀! Ó ṣí ìborùn náà. Ara ọmọ gbóná bí ààrò. Ikùn rẹ̀ wú. Gbogbo ẹ̀bá ìdodo rẹ̀ ti pọ́n, pípọ́n náà sì ti ń gun àyà bọ̀.

Dókítà wá. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó fún un lábẹ́rẹ́, ó fi omi sí i lára. Ó ní kòkòrò àìsàn ti gba ojú ìdodo wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa gbàdúrà. Bí dókítà bá ti sọ èyí, ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ ohun tó túmọ̀ sí.

Sísítà Ilésanmí ló kàn. Òun ni olùkọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní wọ́ọ̀dù náà, obìnrin gíga kan tí kì í gbé ohùn sókè. Ó jókòó ti Bánkẹ́.

"Ìyá ọmọ, kí lẹ fi sí ìdodo rẹ̀? Ẹ má bẹ̀rù, mi ò ní bínú. Epo ni? Iyọ̀? Ìyá àgbà kan wá fi nǹkan sí i?"

"Rárá o, Mà. Ẹnì kankan ò fi nǹkan sí i. Nọ́ọ̀sì ló ń tọ́jú rẹ̀."

"Nọ́ọ̀sì wo?"

Bánkẹ́ kò na ìka. Ojú ló fi wo Olúfọlákẹ́.

Sísítà tẹ̀ lé ojú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Olúfọlákẹ́. Ó dìde. "Wá. Kó àwo irinṣẹ́ rẹ wá síbí. Kí o ṣe é fún mi gẹ́gẹ́ bí o ṣe ṣe é nílé. Má fi kún un, má yọ níbẹ̀."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù ti ń péjọ. Tóyìn, ọ̀rẹ́ Olúfọlákẹ́, tó máa ń fi gbogbo nǹkan ṣe àwàdà, rọra fi ìgbọ̀nwọ́ gbún un. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, lọ gba máàkì rẹ." Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, òun fúnra rẹ̀ sì tẹrí ba.

Olúfọlákẹ́ rìn dé ìdí abọ́ ńlá ẹnu ọ̀nà. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó gbọn ọwọ́, ó sì yíjú sí ìdí ibùsùn.

"Dúró," ni Sísítà wí. "Kí lo ṣe yẹn?"

"Mo fọ ọwọ́ mi, Mà."

"Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe.

"Bí ìyá rẹ bá ní kí o fọ aṣọ, tí o bá tì í bọ omi, tí o sì fà á jáde, kí ni yóò ní o ṣe?"

"Yóò ní... yóò ní mo ṣàn án ni, Mà."

"Ọwọ́ yìí náà, o ṣàn án ni. O kò fọ̀ ọ́." Ó na ọwọ́ sí abọ́. "Àwọn wo ló ti ti ọwọ́ bọ eléyìí láti àárọ̀?"

"Gbogbo wa ni, Mà," ni Tóyìn dáhùn.

"Gbogbo yín. Ẹni tó palẹ̀ ìgbẹ́ ọmọ mọ́, ẹni tó tọ́jú egbò, ẹni tó ti ìta wọlé. Agbára oògùn inú rẹ̀ ti tán láti ìgbà tí oòrùn ti là. Ẹ ń pè é ní omi funfun. Ọbẹ̀ ọwọ́ ni. Ọwọ́ gbogbo yín lẹ sè sínú rẹ̀, ẹ sì ń bù ú fún ọmọ ọlọ́mọ."

Sísítà kọjú sí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

"Olúfọlákẹ́, nínú ìdánwò ìmọ́tótó, ta ló ṣe dáadáa jù?"

"Èmi ni, Mà."

"Ìwọ ni. Ọṣẹ, omi tó ń ṣàn, àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, abẹ́ èékánná, ọrùn ọwọ́. O kọ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀, èmi ni mo kà á, inú mi sì dùn. Nígbà tí o dé ilé, níbo lo fi í sí?"

Olúfọlákẹ́ wo abọ́ náà.

"Mo ń bi ọ́ kí n lè mọ̀ ni. Nílé, ìgbà wo lẹ máa ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́?"

"Tí a bá jẹun tán, Mà."

"Kí ẹ tó jẹun ńkọ́?"

"A máa ń ṣàn án."

"Kí ló dé?"

"Ọwọ́ ò tíì dọ̀tí nígbà náà, Mà. Lẹ́yìn oúnjẹ ni ọbẹ̀ máa ń wà níbẹ̀."

Sísítà mi orí. Ìbínú kọ́ ló wà lójú rẹ̀, ó dà bíi pé ó rẹ̀ ẹ́. "Mo ti gbọ́. Ọbẹ̀ lẹ máa ń fọ̀. Ohun tí ojú bá rí lẹ máa ń fọ̀. Níbí náà, bí ẹ bá tọ́jú egbò tó ń rùn tán, ẹ máa ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ níbi ẹ̀rọ yẹn, mo ń wò yín. Ara yín lẹ ń ṣe é fún. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ kan aláìsàn, ẹ ń ṣàn án, bí ẹni tó fẹ́ jẹun. À ń kí abiyamọ pé ẹ kú ọwọ́ lómi, ẹ wá rò pé ọwọ́ lómi náà ti tó. Kò tó. Ọwọ́ lọ́ṣẹ ni." Ó sún mọ́ ọn. "Kí o tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ yìí lọ́jọ́ náà, kí lo fọwọ́ kàn?"

"Ẹsẹ̀ onílé wa, Mà. Egbò ni. Ṣùgbọ́n ó ti ń jinná! Mo wo ọwọ́ mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

"Ojú rẹ ni kò rí i."

Ọmọ náà mira díẹ̀ lórí ibùsùn, aṣọ sì ṣí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Olúfọlákẹ́ na ọwọ́ láti bò ó.

"Olúfọlákẹ́, má fọwọ́ kan ọmọ mi."

Bánkẹ́ ló sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Ṣùgbọ́n Ọládòṣù yí orí pa dà bí ẹni tí wọ́n gbá létí, nítorí láti ọjọ́ tí ó ti fẹ́ ẹ, kò gbọ́ ọ rí kí ó pe àbúrò òun lórúkọ, kò sì gbọ́ ọ rí kí ó fi "o" bá a sọ̀rọ̀.

Olúfọlákẹ́ fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Mo rí ọṣẹ lójú fèrèsé," ni Bánkẹ́ wí. Ọmọ ló ń wò, kò wo ẹnì kankan. "Nílé ìwòsàn tí mo bímọ sí, mo rí i pé wọ́n ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí wọ́n tó gbé e. Mo fẹ́ sọ ọ́. Ó ti dé ètè mi. Mo wá ní, ta ni èmi, ìyàwó ilé, tí mo fẹ́ kọ́ ọkọ mi ní iṣẹ́ tó lọ kọ́ ní iléèwé? Mo gbé e mì. Mo ní àga ni mo fẹ́ gbé wá."

Sísítà Ilésanmí fọwọ́ lé Bánkẹ́ léjìká, ó sì jẹ́ kí ó wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló fa Olúfọlákẹ́ lọ sídìí ẹ̀rọ. Ó ṣí i, ó fún un ní ọṣẹ. Olúfọlákẹ́ fọ ọwọ́. Ó fọ àtẹ́lẹwọ́, ó fọ ẹ̀yìn, ó ki ìka bọ àárín ìka, ó ha abẹ́ èékánná, ó fọ ọrùn ọwọ́. Nígbà tí ó ṣàn án tán, ó tún mú ọṣẹ. Ó tún fọ̀ ọ́. Ó ń fọ̀ ọ́ títí ara rẹ̀ fi pọ́n, omijé sì ń kán sínú omi.

"Ó tó," ni Sísítà wí. Ó ti ẹ̀rọ pa. "Ó tó báyìí. Èyí tí o ń wá yẹn kò sí lọ́wọ́ rẹ mọ́."

Wọ́n ja ìjà náà fún ọmọ yìí, kò sí irọ́ níbẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Sísítà kò lọ sílé nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ parí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò sídìí ẹ̀rọ, ẹnikẹ́ni kò sún mọ́ ibùsùn láìkọ́kọ́ lo ọṣẹ, Tóyìn ló sì dúró ti ẹ̀rọ láti máa wò wọ́n. Ọládòṣù ń lọ, ó ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bánkẹ́ fún ọyàn jáde sínú ife, wọ́n fi ṣíbí kán an sí ọmọ lẹ́nu, ó ń ṣàn jáde.

Ó kú ní ìyálẹ̀ta, ní ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ọládòṣù ti ní orúkọ náà lọ́kàn, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di òní.

Ní Ìsọlọ̀, àwọn èèyàn wá, wọ́n jókòó, wọ́n sọ ohun tí à ń sọ. Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Ẹ fara balẹ̀. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé ó jọ bí ẹni pé àbíkú ni, pé àwọn oyún tó bàjẹ́ ṣáájú, ọmọ kan náà ni. Bánkẹ́ gbọ́ ọ. Ó kọjú sí ògiri.

Olúfọlákẹ́ wọlé lọ́jọ́ kejì. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ méjèèjì sí. Bàbá Mùktárù wà lórí àga rẹ̀. Ó ti fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ aṣọ, bí ẹni tó fẹ́ gbé e pamọ́.

"Fọlákẹ́, ọmọ mi." Ohùn àwàdà rẹ̀ ti lọ. "Ẹ̀gbọ́n rẹ sọ fún mi ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀. Wọ́n ní láti ara egbò ni. Ṣé ẹsẹ̀ mi ló pa ọmọ náà?"

Olúfọlákẹ́ lè ní òun kò mọ̀. Ó lè jẹ́ kí wọ́n máa pe ọmọ náà ní àbíkú.

"Rárá, Bàbá," ló wí. "Ẹsẹ̀ yín ò rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àbíkú kọ́, ìyàwó wa náà kọ́. Ọwọ́ mi ló gbé e láti ọ̀dọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Mo ṣàn án ni. Mi ò fọ̀ ọ́."

Bánkẹ́ kò yíjú kúrò lára ògiri. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀ dákẹ́, kò sì sí ẹni tó tún pe ọmọ náà ní àbíkú nínú ilé náà mọ́. Ìyẹn nìkan ni Olúfọlákẹ́ lè ṣe fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tí ẹ ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn ní ìkókó nílé, ẹ gbọ́ o. Mímọ̀ ọ́n kọ sínú ìdánwò kì í pa kòkòrò. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan aláìsàn tàbí ìkókó, kí ẹ sì tún un fọ̀ bí ẹ bá kúrò lọ́dọ̀ ẹnì kan kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ pé ọwọ́ náà mọ́ lójú yín. Ojú yín kò lè rí i. Ẹ fọ àtẹ́lẹwọ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fọ àárín ìka, ẹ má gbàgbé àtàǹpàkò àti abẹ́ èékánná. Aṣọ tó mọ́ ni kí ẹ fi nù ún, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ìró. Bí kò bá sí ẹ̀rọ, kí ẹnì kan máa fi ife da omi sí yín lọ́wọ́, kí omi tó ti kan ọwọ́ máa ṣàn lọ. Ẹ má ti ọwọ́ bọ abọ́ tí ẹlòmíràn ti ti ọwọ́ bọ̀, oògùn yòówù kó wà nínú rẹ̀. Nílé náà, ẹ jẹ́ kí ọṣẹ kọ́kọ́ dé kí oúnjẹ tó dé.

Ẹ jẹ́ kí ìdodo ìkókó máa gbẹ. Bí ẹ̀bá rẹ̀ bá pọ́n, bí ó bá ń rùn, bí ọmọ kò bá mu ọyàn mọ́ tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, ẹ má ní kí ilẹ̀ mọ́ ná. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin náà ní tiyín níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ọmọ yín, ìbáà jẹ́ dókítà, ìbáà jẹ́ ìyá ọkọ, ìbáà jẹ́ àbúrò ọkọ tí ẹ kì í pè lórúkọ, ẹ sọ fún un pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín." Àrífín kọ́. Bí ojú bá ń tì yín láti sọ ọ́, ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ìtìjú náà.